Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Dókítà Ìdílé ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Dókítà ìdílé ni oníṣègùn òyìnbó tí iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ sí ẹ̀yà ara kan tàbí ọjọ́ orí kan. Ọmọ tí ibà ń ṣe, aboyún, baálé ilé tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń kọ́kọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá ti gba MBBS, oyè ìṣègùn àkọ́kọ́ ní yunifásítì, lè ṣe iṣẹ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, ọdún kan iṣẹ́ háúsì-jọ́ọ̀bù (iṣẹ́ dókítà tuntun lábẹ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀) àti ìsìnrú ìlú, ẹni tó fẹ́ di dókítà ìdílé á wọ ẹ̀kọ́ rẹ́sídẹ́ńsì, ìyẹn ẹ̀kọ́ àkọ́mọ̀ṣẹ́ tí dókítà ń kọ́ nílé ìwòsàn bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì ló ń ṣe ìdánwò rẹ̀: ti àwọn oníṣègùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1976, àti ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979. Akẹ́kọ̀ọ́ á yí ká ẹ̀ka ọmọdé, ìgbẹ̀bí, iṣẹ́ abẹ àti ìtọ́jú ọpọlọ. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń fi iṣẹ́ abẹ gba ọmọ, nítorí pé ní ilé ìwòsàn ìlú kékeré, ó lè jẹ́ òun nìkan ni dókítà tó wà níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ilé ìwòsàn ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà sí Ìlọrin, wà lára ibi tí irú ẹ̀kọ́ yìí ti fìdí múlẹ̀.

Ní Ìlọrin fúnra rẹ̀, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ yunifásítì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980, ní ẹ̀ka ìṣègùn ìdílé. Ṣùgbọ́n ohun tí ìlú náà fi ṣe aṣáájú ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú: ètò COBES ti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀. Nínú ètò yìí, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń kó lọ gbé láàrin ará ìlú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ń ka ojúlé, wọ́n ń wo orísun omi, wọ́n sì ń bá baálé àti ìyálọ́jà jíròrò lórí ohun tó ń da ìlú láàmú.

Ẹ̀kọ́ tó ṣòro jù ni gbígbọ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn. Gúúsù Kwara ní ìjọba ìbílẹ̀ méje, àwọn Ìgbómìnà, Ìbọ̀lọ́ àti Èkìtì ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Aláìsàn lè sọ pé ọdẹ orí ń ṣe òun, pé nǹkan ń rìn kiri nínú orí òun, tàbí pé àyà òun ń já. Dókítà tó bá yára kọ oògùn ibà fún un lè máà mọ̀ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń jẹ ẹ́. Èyí ni mo kà sí kókó iṣẹ́ náà, nítorí pé kò sí ẹ̀rọ tó lè bá dókítà gbọ́ ọ.

Nàìjíríà kò gbé dókítà sí gbogbo ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé. Nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ tí wọ́n ń pè ní CHO àti CHEW ló ń tọ́jú ènìyàn níbẹ̀, ìwé ìlànà tí wọ́n fún wọn ni wọ́n sì ń tẹ̀lé. Ojúṣe dókítà ìdílé ni láti máa bẹ̀ wọ́n wò, láti kọ́ wọn sí i, àti láti gba aláìsàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ju agbára wọn lọ. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, sọ́tọ̀ láti inú àpò owó ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Owó yìí kò wúlò púpọ̀ níbi tí kò bá ti sí ẹni tí yóò tọ́ òṣìṣẹ́ sọ́nà.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń ṣe ìdánwò rẹ́sídẹ́ńsì kì í fọwọ́ sí ilé ìwòsàn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bí kò bá ní olùkọ́ tó ti yege ìdánwò ìkẹyìn. Irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ sí àwọn ìlú ńlá. Nítorí náà, bí rẹ́sídẹ́ńtì kan yóò bá mọ Ọ̀ffà tàbí Òmù-Àrán dáadáa, a fi kí wọ́n rán an láti Ìlọrin lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún oṣù díẹ̀, kí olùkọ́ rẹ̀ sì máa wá bá a níbẹ̀.