Kí Ló Dé Tí Wọ́n Ń Bó Igi Kọ́ọ̀kì Láṣọ Tí Kì Í Kú?

Ìbéèrè: Nílẹ̀ Kwara tiwa níbí, bí àwọn tí ń wá èèpo fún àgbo bá fi àdá bó ìdí ọ̀gànwó yí ká, igi náà kì í pẹ́ gbẹ. Báwo wá ni igi tí a ti ń rí kọ́ọ̀kì ìgò wáìnì, tí wọ́n ń bó léraléra, ṣe lè lo igba ọdún láyé?

Ìdáhùn: Èèpo òde igi kọ́ọ̀kì ti kú, oúnjẹ kankan kò gba inú rẹ̀ kọjá, òun nìkan ni wọ́n sì ń bó. Èèpo inú ló wà láàyè, ibẹ̀ ni oúnjẹ tí ewé ń pèsè ń gbà sọ̀ kalẹ̀ dé gbòǹgbò, ara rẹ̀ ni kọ́ọ̀kì tuntun sì ti ń hù. Ní ti ọ̀gànwó, èèpo inú gan-an ni alágbo ń wá, nítorí náà àdá rẹ̀ a wọlé títí kan igi, ebi a sì pa gbòǹgbò. Ì bá mú díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, igi ì bá rọ́nà yè.

Ní Pọ́túgàl, níbi tí nǹkan bí ìdajì kọ́ọ̀kì ayé ti ń wá, àáké ni wọ́n fi ń bó o láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ, nígbà tí èèpo òde máa ń ṣí wẹ́rẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà a là á lóòró, a yí ẹnu àáké díẹ̀, a sì fetí sí ìró rẹ̀ kí ó tó fi ìdí ọ̀pá àáké gbé e kúrò, nítorí pé ibi tí àáké bá ti ṣá èèpo inú kì í hu kọ́ọ̀kì gidi mọ́. Lẹ́yìn èyí, wọ́n a fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà tó kẹ́yìn ọdún náà sára igi, bíi 4 fún 2024. Òfin kò sì gbà kí wọ́n tún bó o kí ọdún 9 tó pé.

Ìbéèrè: Yàtọ̀ sí ìgò, kí ni kọ́ọ̀kì wúlò fún?

Ìdáhùn: Wọ́n ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ ilé, wọ́n ń fi ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà àti pátákó ìkéde. Àwọn ihò tíntìntín tó kún fún afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀, àwọn ni Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi máíkírósíkóòpù, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú, rí tí ó sì kọ nípa wọn ní 1665. Ìdí nìyí tí ó fi fúyẹ́, tí ó ń léfòó, tí ooru kò sì tètè là á kọjá.

Ìbéèrè: Ṣé a lè gbìn ín sí Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán?

Ìdáhùn: Ibi tí òjò ti ń rọ̀ nígbà òtútù, tí ìgbà ooru sì gbẹ, ló bá a lára mu, òjò tiwa sì yàtọ̀. Bí ó bá tilẹ̀ hù, nǹkan bí ọdún 25 ni kí a tó bó o nígbà àkọ́kọ́, bíbó ẹlẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́yìn ogójì ọdún, ló sì ń dára fún ìgò. Èmi ì bá gbin kajú.