Bí Ẹ̀sùn Ọ̀dàlẹ̀ Ṣe Dé Ọrùn Vuk Branković
Nínú orin àwọn ará Sérbíà nípa ogun Kosovo, tí wọ́n bá àwọn Ottoman, ìyẹn àwọn ará Tọ́kì, jà ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1389, orúkọ kan wà tí wọn kì í pè láìfi èpè kún un: Vuk Branković. Wọ́n ní òun ló kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sá lójú ìjà, tí Lazar, olórí àwọn ará Sérbíà tó tún jẹ́ bàbá ìyàwó rẹ̀, fi bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ọ̀rọ̀ wúwo ni ọ̀dàlẹ̀ ní èdè wa, nítorí ẹni tó da ilẹ̀ tí a jọ mu ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ó dá mi lójú pé ẹ̀sùn yìí kò tọ́ sí Vuk.

Branko Mladenović ni bàbá rẹ̀, ìjòyè ńlá tó ń ṣàkóso Ohrid lábẹ́ Ọba Dušan. Nígbà tí Dušan kú ní ọdún 1355, ìjọba fọ́ sí wẹ́wẹ́, ìjòyè kọ̀ọ̀kan sì di tirẹ̀ mú. Agbègbè Kosovo ló bọ́ sí Vuk lọ́wọ́: Priština, Vučitrn àti Trepča tí wọ́n ti ń wa fàdákà, ó sì ń rọ owó fàdákà tirẹ̀. Ìkookò ni Vuk túmọ̀ sí; níbi tí ọmọ kì í bá dúró, wọ́n a máa sọ ọmọ bẹ́ẹ̀ kí àjẹ́ lè bẹ̀rù rẹ̀. Mara, ọmọ Lazar, ló fi ṣe aya.

Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn ogun náà, ìlú Florence ní Ítálì kọ lẹ́tà sí Tvrtko, ọba Bosnia. Lẹ́tà náà yin àwọn méjìlá tó bára wọn mulẹ̀ láti dé ọ̀dọ̀ Sultan Murad, ọba àwọn Ottoman, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ọ̀dàlẹ̀ kankan. Nígbà tí Milica, opó Lazar, ti tẹrí ba fún Sultan Bayezid, ọmọ Murad tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, Vuk ṣì ń takú. Ọdún 1392 ni agbára rẹ̀ pin, lẹ́yìn tí Skopje ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ó ṣe ìwé àdéhùn kan pẹ̀lú ilé àwọn mọ́ńkì Hilandar lórí ìṣákọ́lẹ̀ tí wọn yóò máa san fún àwọn Ottoman láti orí ilẹ̀ wọn. Síbẹ̀, kò bá Bayezid lọ sí ogun Rovine ní 1395, kò sì lọ sí Nicopolis ní 1396, níbi tí Stefan, ọmọ Lazar fúnra rẹ̀, ti jà fún Sultan. Bayezid gba ilẹ̀ rẹ̀, ó tì í mọ́lé, inú àtìmọ́lé náà ló sì kú sí ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 1397. Ṣé bí ọ̀tá ṣe ń san oore fún ẹni tó bá a da ilẹ̀ nìyẹn?

Stefan ni wọ́n gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Vuk fún. Ní 1402, àwọn ọmọ Vuk dúró pẹ̀lú àwọn Ottoman láti bá Stefan jà ní Tripolje. Lójú tèmi, ìjà ilẹ̀ láàárín ìdílé méjèèjì yìí ni irúgbìn ẹ̀sùn náà. Ohun tí àwọn ọmọ ṣe ni wọ́n gbé padà sórí bàbá. Àwọn tó ní yíyè tó yè lójú ogun ti tó ẹ̀rí kò rò ó jinlẹ̀. Ọdún 1601, ọdún 212 lẹ́yìn ogun, ni Mavro Orbini, mọ́ńkì tó ń kọ ìtàn, tẹ ìwé tó kọ́kọ́ pe Vuk ní ọ̀dàlẹ̀, àwọn akọrin sì gbé e. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ilarion Ruvarac, onímọ̀ ìtàn ará Sérbíà, já a ní koro.

Đurađ, ọmọ Vuk, ló jọba Sérbíà lẹ́yìn Stefan ní 1427, òun ló sì mọ odi Smederevo sí etí odò Danube.