Orúkọ lọ́tọ̀, ìsọ̀ lọ́tọ̀: kí ni domain, kí ni hosting?

Ẹni tó bá sọ fún mi pé òun ti ra ìkànnì, mo máa ń bi í pé: èwo lẹ rà, orúkọ ni àbí ìsọ̀? Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo fóònù yín. Ta ló tún mọ nọ́ńbà ìyá rẹ̀ sórí? "Màámi" lẹ ó tẹ̀, fóònù ló mọ nọ́ńbà tó yẹ kó pè. Bí ti íntánẹ́ẹ̀tì ṣe rí náà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà tó bá ń gba àlejò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, èyí tí wọ́n ń pè ní IP. 8.8.8.8 ti Google rọrùn láti há sórí, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù kò rí bẹ́ẹ̀. Domain ni orúkọ tí a fi bo nọ́ńbà yẹn kó lè rọ ẹnu wa lọ́rùn. DNS ló ń bá wa wá nọ́ńbà tí orúkọ náà ń jẹ́. Kó tó dé, inú fáìlì kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ gbogbo orúkọ sí, ní iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní California. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ń pọ̀ sí i tí fáìlì náà ò lè gbà á mọ́, Paul Mockapetris gbé DNS kalẹ̀ lọ́dún 1983, iṣẹ́ náà wá di àpínṣe. Lónìí, àjọ NiRA ní Nàìjíríà ló ń tọ́jú gbogbo orúkọ tó bá parí sí .ng.

Hosting ní tirẹ̀, ìsọ̀ tí ẹ háyà ni. Orí sáfà ni àwòrán, ọ̀rọ̀ àti iye ọjà yín ń gbé. Kọ̀ǹpútà lásán ni sáfà, àmọ́ kì í sùn, wọn kì í sì í jẹ́ kí iná kú mọ́ ọn lójú. Ẹ lè sọ kọ̀ǹpútà ilé yín di sáfà o. Ọjọ́ tí NEPA bá mú iná lọ, ọjà ti tú nìyẹn. Hosting olówó pọ́ọ́kú dà bí ilé face-me-I-face-you: bí àlejò bá ya lu aládùúgbò yín, tiyín náà á máa falẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń ta òfì ní Ìṣẹ́yìn. Ọmọkùnrin tó bá a ṣe ìkànnì fi orúkọ àti ímeèlì ara rẹ̀ gba domain. Nígbà tó yá, domain náà tó owó san, inú ímeèlì ọmọ náà ni ìkìlọ̀ ń wọ̀. Owó ìsọ̀ kò tíì tán, àwòrán òfì wà lórí sáfà digbí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ orúkọ náà kò rí nǹkan kan. Orúkọ yẹn ló sì wà lára gbogbo náílọ́nù tó fi ń di aṣọ fún oníbàárà. A pe àwọn tó ta domain. Wọ́n ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé nìkan ni àwọn mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wá ọmọ náà ká tó rí i. Ó dùn mí wọra.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni ló lè bá yín ṣe iṣẹ́, àmọ́ orúkọ yín àti ímeèlì yín ni kó wà lórí domain. Bí ìsọ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè kó lọ síbòmíràn láì pa orúkọ dà: nọ́ńbà tuntun lẹ ó kàn fún DNS. Àwọn kọ̀ǹpútà tó wà lójú ọ̀nà ṣì máa ń rántí nọ́ńbà àtijọ́ fún ìgbà díẹ̀, nígbà mìíràn ó lè tó ọjọ́ méjì, torí náà ẹ má tíì kó ẹrù kúrò ní ìsọ̀ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an.