Kólọ́ọ̀nù kọ́ ló ń sọ ìtàn di eré

Láàárín oṣù yìí nìkan, iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ti gbé wá bá mi tí àwọn tó ni wọ́n ní eré oníṣe ni. Kò sí eré kankan níbẹ̀. Ìtàn àròsọ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n kàn yọ "ó ní" kúrò, wọ́n wá fi orúkọ àti kólọ́ọ̀nù, àmì (:) yẹn, dípò rẹ̀. Ẹnì kejì tilẹ̀ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, nítorí ẹ̀mí kan ló ń pe ọ̀rọ̀ náà sí òun létí lóru. Mo pè é lórí fóònù. Mo ní kó bá mi bi ẹ̀mí náà bóyá igba, igbá tàbí ìgbà ló wà ní ojú ewé 12, torí kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀. Títí di òní, kò tíì pè mí padà.

Ọdún 19 rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olóòtú. Mi ò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ohun tí ewì jẹ́ tàbí ohun tí àròkọ jẹ́; ẹni tó bá gbé kálàmù ti yẹ kó mọ ìyẹn. Bí àròkọ ni, ẹ ní ohun kan tí ẹ gbà gbọ́, kí ẹ sì dúró tì í. Bí ewì ni, títẹ Enter lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta kì í sọ ọ̀rọ̀ di ewì. Ẹ kà á sókè. Bí ìlà kejì kò bá dá ìlà kìíní lóhùn, ẹ padà sídìí rẹ̀. Ó parí. Ọ̀rọ̀ eré ló ń dùn mí.

Nínú ìtàn àròsọ, oǹkọ̀wé lè wọ inú ọkàn ènìyàn kó sì jókòó síbẹ̀ fún ojú ewé mẹ́wàá. Nígbà tí I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá, obìnrin kan tó fi àròsọ dá, jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní ọdún 1929, àwọn òǹkàwé kan gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní tòótọ́. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń tú inú ara rẹ̀ síta fún wọn, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ẹni tó jókòó síwájú ìtàgé kò ní irú àǹfààní yẹn. Ohun tí ojú rẹ̀ rí àti ohun tí etí rẹ̀ gbọ́, òun nìkan ló ní.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ. Ìtàn ní: "Ó dun ìyá náà pé ọmọ rẹ̀ kò náání òun mọ́." Ó dára bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Lórí ìtàgé, ẹ jẹ́ kí ọmọ gbé àpótí wọlé. Kí ìyá na ọwọ́ méjèèjì láti gbà á. Kí ọmọ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kó lọ gbé e kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ìyá á ṣì wà lófuurufú. Lẹ́yìn náà, á wá fi wọ́n nu ìdí ìró rẹ̀, bíi pé omi wà lára wọn. Kò sọ nǹkan kan, gbogbo gbọ̀ngàn sì ti gbọ́. Iṣẹ́ nìyẹn! Mo máa ń lo odidi ọ̀sàn lórí irú ìlà kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀, mi ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n. Ìwé Amos Tutuola nípa ọ̀mu ẹmu jáde ní 1952. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé e sórí ìtàgé ní Ìbàdàn ní 1963, kò ṣí ìwé náà sílẹ̀ báyìí kó máa kà á. Ó fi orin àti ijó sí i, ó sì sọ ìrìn àjò ọ̀mùtí náà di àlá. Akínwùmí Ìṣọ̀lá náà kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní eré, ó kọ Ó Le Kú ní ìtàn àròsọ. Ẹ ka ojú ewé kan péré nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i pé ọwọ́ tó fi kọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n àwọn oníjìbìtì ti gba ìgboro. Wọ́n á kọ ọ́ sórí WhatsApp: "A ń sọ ìtàn di eré, a ń sọ àròkọ di ewì, ọjọ́ mẹ́ta péré." Oníbàárà mi kan, ọkùnrin gidi, tó mọ ìtàn sọ dáadáa, gbé ìwé rẹ̀ lọ fún wọn lẹ́yìn tí mo sọ fún un pé yóò gbà á ní oṣù mẹ́rin. Wọ́n ṣe é tán lọ́jọ́ kẹta lóòótọ́. Ó gbà á, ó háyà gbọ̀ngàn, ó pe àwọn òṣèré. Ó fún èmi náà níwèé ìpè, bóyá kí ojú lè tì mí.

Ní ìran kejì, baálé ilé dá dúró láàárín ìtàgé. Ohun tó wà nínú àkámọ́ nínú ìwé ọwọ́ wọn nìyí, mo rí i lẹ́yìn náà: "(Ó rántí ohun tí bàbá rẹ̀ sọ fún un ní ogún ọdún sẹ́yìn, ó sì kábàámọ̀ pé òun kò gbọ́.)" Òṣèré náà gbìyànjú, mi ò ní í parọ́ mọ́ ọn. Ó dijú. Ó kákò díẹ̀. Ó fọwọ́ lé ikùn, ó wá ń mi orí. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí gbogbo ilé fi dákẹ́ rọ́rọ́. Ni ìyá àgbàlagbà kan ní ìlà kẹta bá pariwo: "Inú ló ń run ún! Ẹ wá omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún un!" Ẹ̀rín bú. Òṣèré náà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìran ikú bàbá ló sì kàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oníbàárà mi pè mí. Ó ní bí àwọn bá fi iná méjì kún iná orí ìtàgé, ṣé àwọn òǹwòran á lè rí ohun tí ọkùnrin náà ń rò dáadáa?