Igbó Tòótọ́ àti Igbó Orí Tẹlifíṣọ̀n

Ẹni tó bá sọnù sínú igbó, ohun kan ṣoṣo ló ń lé: bí yóò ṣe jáde. Ẹni tí wọ́n gbé lọ sínú igbó nítorí ètò tẹlifíṣọ̀n, bí yóò ṣe pẹ́ níbẹ̀ ló ń lé, tàbí bí ohun tó ń ṣe níbẹ̀ yóò ṣe dùn ún wò. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà. Bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá ń lọ lórí DStv nínú pálọ̀ kan ní Bódìjà, tàbí ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Mọ́kọ́lá, àríyànjiyàn kì í pẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Ẹnìkan á ní, "Ẹ wo bọ̀dá yìí, ọkàn akin ló ní o!" Ẹlòmíràn á dá a lóhùn pé, "Ta ló wá ń gbé kámẹ́rà fún un?" Ìbéèrè kejì yẹn ló dára jù láti fi wo àwọn ètò wọ̀nyí, torí ẹni tó bá mọ ẹni tó gbé kámẹ́rà dání ti mọ ìdajì bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ìbàdàn lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀, yálà ti tẹlifíṣọ̀n ni tàbí ti igbó. Ibí ni iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, nígbà tí WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, gbé àwòrán sáfẹ́fẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1959. Olókèmejì, tó wà láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, wà lára àwọn igbó tí ìjọba kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, láti 1899. Ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó ti ìjọba àpapọ̀ ń bẹ ní Jẹ́ríkò. Ní àwọn abúlé apá Ìdó àti Olúyọ̀lé, a ṣì ń rí àwọn ọdẹ tí igbó jẹ́ ibi iṣẹ́ wọn. Ohun tí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ mọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ká tó tan tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tó ń pa èèyàn nínú igbó kì í sábà bani lẹ́rù lójú. Òùngbẹ ló ṣáájú: láìsí omi, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ni ara lè fi gbà á, bẹ́ẹ̀ láìsí oúnjẹ, èèyàn lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nílẹ̀ olótùútù, òtútù lè pa ẹni tí aṣọ rẹ̀ rin láàárín wákàtí díẹ̀. Ní igbó tiwa, ooru, omi ẹlẹ́gbin, ẹ̀fọn àti ìṣubú ni ọ̀tá. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ tó gbọ́n kì í fi wọ igbó láìsọ fún ará ilé apá ibi tó forí lé. Á mú omi, á mú gaàrí, iná orí rẹ̀ á wà pẹ̀lú rẹ̀, á sì máa sàmì sára igi bó ṣe ń lọ. Ẹni tó bá sì ṣìnà, ìmọ̀ràn tó dára jù fún un ni pé kó dúró lójú kan, kó wá ibòòji, kó má fi okun rẹ̀ ṣòfò, kó sì ṣe ohun tí àwọn tó ń wá a yóò fi rí i. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ń gba ẹ̀mí là, kò sì sí èyí tó dùn ún wò níbẹ̀. Ta ni yóò jókòó fún wákàtí kan wo ẹni tó jókòó?

Nítorí náà, tẹlifíṣọ̀n máa ń ṣí ewu nípò. Á gbé e kúrò níbi tó wà, á gbé e síbi tí kámẹ́rà ti lè rí i. Ẹ̀fọn kéré jù fún àwòrán, ejò ló máa gba ipò rẹ̀. Omi ẹlẹ́gbin kò ní ojú tó burú, odò tó ń ru gùdù ló máa dípò rẹ̀. Ẹni tó sọnù ní láti rọra rìn kó má baà fẹsẹ̀ rọ́, torí ẹsẹ̀ rírọ́ nínú igbó lè di ikú. Ṣùgbọ́n ẹni orí tẹlifíṣọ̀n á máa sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, á máa fò sínú omi tí kò mọ bó ṣe jìn tó. Ìgbésẹ̀ yìí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo bí ètò wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò pọn dandan kí wọ́n purọ́ rárá: ejò náà lè jẹ́ ejò, odò náà lè jẹ́ odò, síbẹ̀ kí òǹwòran dìde níbẹ̀ láìmọ ohun tó yẹ kó bẹ̀rù.

Kí kámẹ́rà tó tàn, iṣẹ́ ti lọ jìnnà. Àwọn kan á ti lọ wo ibẹ̀ ṣáájú: níbo lomi wà, níbo ni mọ́tò lè dé, níbo ni hẹlikọ́pítà lè balẹ̀ sí, ilé ìwòsàn wo ló sún mọ́ ibẹ̀. Wọ́n á gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ilẹ̀, wọ́n á san owó ìbánigbófò, wọ́n á gba dókítà àti àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tó mọ ewé àti ẹranko ibẹ̀ síṣẹ́. Àwọn kan máa ń ka èyí sí ẹ̀tàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2013, ẹnìkan kú ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ya Koh-Lanta, ètò àwọn ará Faransé, ní ilẹ̀ Kàm̀bódíà, wọ́n sì fagi lé gbogbo sáà ọdún náà. Ẹni tó bá gbé ọmọ ọlọ́mọ wọ igbó láìsí dókítà nítòsí, ìkà ni. Ẹ̀tàn bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti fi ìrànlọ́wọ́ tó wà pamọ́, tí wọ́n sì sọ fún òǹwòran pé kò sí.

Ọ̀rọ̀ Bear Grylls fi èyí hàn dáadáa. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ṣe ológun, ó sì gun òkè Everest ní 1998, nítorí náà kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́. Ètò rẹ̀ Man vs. Wild bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ikọ̀ ayàwòrán sì ń tẹ̀ lé e. Ní 2007 ìròyìn jáde pé ilé ìtura ló sùn ní àwọn òru kan tí ètò náà mú kó dà bíi pé inú aginjù ló wà. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń gbé ètò náà jáde bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sójú àwòrán pé ikọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, àti pé wọ́n ṣètò àwọn ipò kan kó lè fi bí èèyàn ṣe ń yè hàn. Ètò náà kò torí ìyẹn kú, àwọn èèyàn ń wò ó lọ fún ọdún mélòó kan sí i. Èyí yẹ kó ti kọ́ àwọn oníṣẹ́ náà lẹ́kọ̀ọ́ pé òǹwòran lè fara mọ́ ìṣeré tí wọ́n bá ti sọ fún un pé ìṣeré ni.

Les Stroud, ará Kánádà, gba ọ̀nà míràn. Nínú Survivorman, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, òun nìkan ló ń lọ, ọjọ́ méje lọ́pọ̀ ìgbà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ya ara rẹ̀. Ó yẹ ká dúró díẹ̀ níbí. Bí òǹwòran bá rí i tó ń rìn lọ títí tó fi kéré lójú, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ti kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà kalẹ̀ lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó rìn lọ, ó padà wá gbé e, ó sì tún ọ̀nà kan náà rìn. Ọ̀nà tí ẹlòmíràn á gbà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń gbà á, pẹ̀lú ẹrù kámẹ́rà àti bátìrì lẹ́yìn, láìjẹun kánú. Nítorí náà, kódà ètò tó jẹ́ òótọ́ jù nínú wọn kò sọ bí yíyè nínú igbó ṣe rí gan-an, torí ẹni tó sọnù kò ní kámẹ́rà tí yóò padà lọ gbé. Stroud náà sì ní àwọn tó ń dúró dè é lókèèrè bí nǹkan bá yíwọ́. Ṣùgbọ́n kò fi wọ́n pamọ́, ó sì máa ń sọ ọ́ jáde nígbà tí ọjọ́ bá kọjá láìrí nǹkan jẹ. Òun ni mo gbà pé ó bọ̀wọ̀ fún òǹwòran jù.

Lẹ́yìn yíyà, gígé àti títò ló kù, níbẹ̀ sì ni agbára ètò wà jù. Àwòrán ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n máa ń kó dé, bẹ́ẹ̀ wákàtí kan orí tẹlifíṣọ̀n, tí èèyàn bá yọ ìpolówó ọjà kúrò, kò pé wákàtí kan. Ẹni tó ń gé e dà bí ẹni tó ń ṣa ẹran nìkan nínú ọbẹ̀: ohun tó bù kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ nínú rẹ̀ kò ní mọ bí ìkòkò náà ṣe rí. Sísùn, sísúni, ríronú ilé, wíwá igi iná fún wákàtí mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ á di ìṣẹ́jú díẹ̀. Orin tún ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Bí ìlù bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún wúyẹ́wúyẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí nǹkan, àyà òǹwòran ti já. Ariwo kòkòrò àti ti ewé gan-an, lẹ́yìn ni wọ́n sábà máa ń fi sí i. Nínú àwọn ètò ìdíje, wọ́n tún lè mú ìlàjì gbólóhùn tí olùdíje sọ lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n so ó mọ́ èyí tó sọ lọ́jọ́bọ̀, bí ojú rẹ̀ kò bá ti hàn nínú àwòrán. Etí tó bá ṣọ́ra máa ń gbọ́ ibi tí ohùn ti yí.

Alone, tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n History bẹ̀rẹ̀ ní 2015, gbìyànjú láti so òótọ́ àti ìdíje pọ̀. Èèyàn mẹ́wàá, kálukú lọ́tọ̀, ohun èlò mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sí ayàwòrán, fóònù sátẹ́láìtì kan wà tí èèyàn lè fi pè pé ó ti tó. Ẹni tó bá pẹ́ jù ló gba owó. Ní sáà kìíní, ní erékùṣù Vancouver ní Kánádà, Alan Kay lo ọjọ́ 56, ó sì gba 500,000 dọ́là. Ohun tó ya ètò yìí sọ́tọ̀ ni pé ó gbà kí ebi jẹ́ ebi. Àwọn dókítà máa ń wá yẹ wọ́n wò, wọ́n sì máa ń mú ẹni tó bá gbẹ jù kúrò bó tilẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ní sáà kẹfà, Jordan Jonas fi ọfà pa ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní moose, tó ga ju màlúù lọ, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, torí ẹran tí kò ní ọ̀rá kò lè gbé èèyàn ró fún ọjọ́ pípẹ́, ẹranko míràn sì ń jí ọ̀rá moose náà lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọjọ́ 77 ló lò kó tó borí. Àwọn ìyá wa tí wọ́n mọ̀ pé ọbẹ̀ láìsí epo kì í gbéni dé ibì kankan, ìṣòro rẹ̀ yóò yé wọn kíá. Ṣùgbọ́n owó yí nǹkan padà níbẹ̀ pẹ̀lú: àwọn olùdíje kan máa ń jẹun sanra kí wọ́n tó lọ, àwọn míràn á sì dùbúlẹ̀ láìmira kí ọ̀rá ara wọn má baà tán. Ọgbọ́n ìdíje nìyẹn. Ẹni tó sọnù kò ráyè múra sílẹ̀ fún un.

Ìdíje nínú igbó tún ní irú míràn, níbi tí igbó ti jẹ́ pápá eré lásán. Survivor ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000 láti ara ètò àwọn ará Sweden kan, dá lórí ìbò àti ọ̀tẹ̀ láàárín àwọn olùdíje. Ti ilé wa ni Gulder Ultimate Search, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, tó sinmi fún ọdún mélòó kan, tó sì padà dé ní 2021 nínú igbó Gurara, ìpínlẹ̀ Kàdúná. Àmì àti ìṣúra tí wọ́n fi pamọ́ ni wọ́n ń wá. Kò sí ẹni tó wò ó tó rò pé wọ́n sọnù. Nípa bẹ́ẹ̀, òótọ́ wọn pọ̀ ju ti ètò tó ń díbọ́n lọ.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti lè pani lára ni àfarawé. Orí tẹlifíṣọ̀n, àwọn kan ti mu ìtọ̀ ara wọn nítorí òùngbẹ, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ inú rẹ̀ ń dá kún òùngbẹ náà ni. Wọ́n ti jẹ kòkòrò àti ẹran tútù tí wọn kò fi iná kàn, níwájú dókítà tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Ọmọ tó bá tìtorí ohun tó wò já olú tí kò mọ̀ nínú oko ní Akínyẹlé kò ní irú dókítà bẹ́ẹ̀ nítòsí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ejò. Àwọn kan ṣì gbà gbọ́ pé kí wọ́n fi abẹ gé ojú ibi tó ṣán kí wọ́n sì fi ẹnu fa oró rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fíìmù. Àwọn dókítà kò fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ejò ṣán dúró jẹ́ẹ́, ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi okùn dì í pinpin, ẹ bọ́ òrùka tàbí ẹ̀gbà tó wà lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀ náà kó tó wú, kí ẹ sì wá mọ́tò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò lójú ẹsẹ̀.