Bí a Ṣe Ń Dá Eegun Ẹja Tó Ti Di Òkúta Mọ̀

Eegun tó para pọ̀ di orí ẹja kan lè ju 100 lọ. Bí ẹja náà bá kú, tí ẹran ara rẹ̀ sì jẹrà, omi a fọ́n wọn káàkiri. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣa nǹkan ayé àtijọ́ fi sábà máa ń rí ẹyọ eegun kan ṣoṣo dípò odindi ẹja. Eyín àti ìpẹ́ ní ọ̀nà tiwọn, ṣùgbọ́n eegun ọ̀pá ẹ̀yìn ni a ń ṣì mọ̀ jù.

Ojú méjèèjì eegun yìí jin kòtò. Ó dà bí igi ìlù dùndún tí a ti ṣí awọ ojú rẹ̀ méjèèjì kúrò: ó fẹ̀ lẹ́nu, ó sì tóóró láàárín. Ti ẹran afọ́mọlọ́mú kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ojú tirẹ̀ sábà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun tó ń bí ni nínú ni pé gbogbo eegun roboto tí ojú rẹ̀ jin ni wọ́n ń pè ní ti ekurá, ẹja eléyín mímú inú òkun. Ojú eegun ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn jin bákan náà, ti ichthyosaur sì jin, bẹ́ẹ̀ ẹranko afàyàfà ni, kì í ṣe ẹja rárá.

Ẹ̀gbẹ́ eegun ló yẹ kí a wò. Eegun rírọ̀, irú èyí tó wà ní etí ènìyàn, ni ti ekurá; àárín eegun ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń le, tí àwọn ẹ̀ká tó dábòó bo iṣan lókè àti nísàlẹ̀ sì máa ń jẹrà lọ, tí wọ́n á fi ihò méjì sílẹ̀ lókè, méjì nísàlẹ̀. Lára àwọn ìbátan ekurá funfun ńlá, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ a tún tò láti ojú kan dé èkejì, gẹ́gẹ́ bí ọsán ṣe so ojú dùndún méjèèjì pọ̀, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ti àwọn ekurá mìíràn kan ń dán, tí ó sì dí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹja eléegun líle, ẹ̀ká wọ̀nyí ti lẹ̀ mọ́ eegun náà pátápátá, nítorí náà, bí wọ́n tilẹ̀ kán, kùkùté wọn a ṣì hàn.

Àwọ̀ dúdú kì í ṣe ẹ̀rí pé eegun ti pẹ́. Èròjà inú ilẹ̀ tó sin ín ló ń pa á láró.

Onímọ̀ tó bá dúró sórí orúkọ ẹbí ẹja, tí kò fi tipátipá dárúkọ irú ẹja gan-an, ṣe ohun tó dára jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ìṣòro onímọ̀ náà ni pé àwòrán ojú kan ṣoṣo, tí kò sí rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń fún un, láìsọ ìpele ilẹ̀ tí eegun ti jáde. Ìpele yẹn ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀, òun ló sì ń dín iye ẹja tí a lè fura sí kù. Bí ẹni tó rí eegun náà kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣà á, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó kà á lára eegun nìkan.