Ibi tí ohùn "rédíò tí ò mú" ti wọ black metal

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ black metal, irú orin rọ́ọ̀kì líle kan, tàwọn ará Nọ́wè, máa rò pé spíkà òun ti bàjẹ́ ni. Gìtá ń hó bí oyin tí wọ́n fọ̀pá gún ilé ẹ̀, ìlù ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ẹni tó ń kọrin ń ké bíi pé wọ́n fún un lọ́rùn. Èmi náà yọ íápíìsì, mo nù ún, mo tún fi bọ etí, kò yí padà. Àṣé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ o.

Orúkọ yẹn gan-an kì í ṣe tiwọn. Venom, ẹgbẹ́ olórin kan láti Newcastle ní England, ló sọ álúbọ̀ọ̀mù wọn ní Black Metal ní 1982, Bathory ti Swídìn wá gbà á, wọ́n tún mú un le sí i. Ní Nọ́wè, Mayhem ti wà láti 1984, Euronymous tó ń ta gìtá fún wọn ló sì ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ́kọ́ọ̀dù kan sí Oslo ní 1991, ó pè é ní Helvete, ìyẹn ọ̀run àpáàdì lédè wọn (kọ́sítọ́mà wo ló máa rí ìyẹn tí ò ní yà lọ!).

Àmọ́ ẹgbẹ́ olórin Darkthrone ni mo ń bọ̀ wá sọ. Kolbotn ni wọ́n ti wá, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Oslo. Death metal, orin líle mìíràn, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Stockholm ni wọ́n lọ gba álúbọ̀ọ̀mù àkọ́kọ́ sílẹ̀, ohùn ẹ̀ dáa, ó kún, Peaceville tó ń gbé orin wọn jáde ní England sì ń retí èkejì tó máa dà bẹ́ẹ̀. Wọ́n dúró títí. Ní August 1991 àwọn bọ̀bọ́ yìí wọ stúdíò ní Kolbotn níbẹ̀, nǹkan tí wọ́n gbé jáde, gìtá ẹ̀ tín-ín-rín bí okùn, Dag Nilsen tó ń ta báàsì fún wọn ò tiẹ̀ fẹ́ irú orin yẹn, ó ta tiẹ̀ tán ó sì bá tiẹ̀ lọ. Peaceville gbọ́ ọ, wọ́n ní kí wọ́n tún un mix, ìyẹn kí wọ́n tún ohùn gìtá, ìlù àti orin pò kó lè dọ́gba. Darkthrone ní láéláé, tẹ́ ẹ ò bá gbé e jáde bó ṣe wà, Euronymous náà ní lébù tiẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde, ó máa gbé e jáde. Ni Peaceville bá gbà. A Blaze in the Northern Sky jáde ní February 1992.

Wọn ò dúró síbẹ̀ o. Transilvanian Hunger ti 1994, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kékeré tí ò lè gbà ju ohùn mẹ́rin lọ ni Fenriz tó ń lulù fún Darkthrone fi gbà á nílé, òun nìkan ló lulù, tó ta gìtá, tó ta báàsì, Nocturno Culto tó ń kọrin fún wọn kàn wá kọrin sí i ni. Látìgbà yẹn, àwọn tó lówó stúdíò gan-an ń wá bí tiwọn ṣe máa hó báyẹn.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n dáná sun ní 1992 àti bí wọ́n ṣe pa Euronymous ní 1993, ìyẹn làwọn ìwé ìròyìn gbé kiri, mi ò ní bá wọn gbé e. Ní 2020, ilé ìkàwé ìjọba Nọ́wè gbé A Blaze síbi àfihàn wọn, àárín àwọn nǹkan àjogúnbá ilẹ̀ wọn. Gìtá tín-ín-rín yẹn náà ni o, wọn ò tún un mix.